Orin Àgbáyé: Ìfiwéra Méjì-Méjì fún Ẹni Tó Ń Wá Ibi Tí Yóò Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ máa gbọ́ orin àwọn ẹ̀yà mìíràn lágbàáyé, àkójọ orin tí wọ́n fi ogún orílẹ̀-èdè sínú rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá. Orin kan láti Íńdíà, ọ̀kan láti Málì, ọ̀kan láti Kúbà, ọ̀kan láti Bùlùgáríà. Á gbọ́ ọ tán, á ní ó dùn, bó bá sì di ọjọ́ kejì, kò ní rántí ìkankan nínú wọn. Ẹ̀bi etí rẹ̀ kọ́. Bí orin kan bá ń gba wákàtí kan nínú àṣà kan, gígé tí wọ́n gé ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú rẹ̀ kò lè fi àṣà náà han ẹnikẹ́ni.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é, "world music", ọ̀rọ̀ títà ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ní 1987, àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kéékèèké kan pàdé ní London, wọ́n ń wá orúkọ tí ṣọ́ọ̀bù máa kọ síbi tí wọ́n bá to irú àwo bẹ́ẹ̀ sí, èyí ni wọ́n sì mú. Àwo tà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kó orin tí kò bára tan sójú kan.

Ohun tí mo máa ń gba èèyàn níyànjú láti ṣe yàtọ̀. Ẹ mú orin méjì tó súnmọ́ra, tí etí tí kò tíì mọ̀ wọ́n lè pè ní nǹkan kan náà, kí ẹ gbọ́ wọn tẹ̀léra. Ibi tí wọ́n ti yà síra ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí olórin ń ṣe gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ dúró tì í fún oṣù díẹ̀ kí ẹ tó kọjá síbòmíì. Mi ò fi àwòrán ayé to àwọn tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ohun tí ẹ fẹ́ràn nínú orin ni mo fi tò wọ́n.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ yín ni orin kọ́kọ́ máa ń mú: son ti Kúbà àbí rumba ti Kóńgò

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan yé yín, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Rumba ti Kúbà àti rumba ti Kóńgò kì í ṣe orin kan náà. Ti Kúbà, ìlù àti ohùn èèyàn ni. Kò sí gìtá níbẹ̀, kò sí fèrè. Àwọn onílù ni, akọrin kan, àtàwọn tó ń gbè é. Ti Kóńgò, orin gìtá ni. Orin Kúbà tó bí rumba Kóńgò ni wọ́n ń pè ní son, òun ló yẹ kí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìlà-oòrùn Kúbà ni son ti wá, ó sì dé Havana ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Gìtá àti ewì àwọn ará Sípéènì pàdé ìlù àwọn ọmọ Áfíríkà nínú rẹ̀. Ohun èlò tí ẹ ó kọ́kọ́ dá mọ̀ ni tres, gìtá kan tí okùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, tí wọ́n so ní méjì-méjì. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé ni igi kékeré méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra, tí wọ́n ń pè ní clave. Ìgbá márùn-ún péré ni: mẹ́ta lápá kan, méjì lápá kejì, tàbí kí méjì ṣíwájú mẹ́ta. Ẹ fi ìka gbá a sórí tábìlì bí orin bá ṣe ń lọ. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé tres, ìlù, báàsì àti ohùn akọrin, ìgbá márùn-ún yẹn ni gbogbo wọn ń yí ká, kódà nígbà tí ẹni tó ń gbá igi bá ti dákẹ́. Ẹsẹ orin tó tutù ló máa ń ṣíwájú, lẹ́yìn náà ni orin á wọ montuno, níbi tí ẹnì kan ti ń lé tí àwọn yòókù ń gbè, tí ara gbogbo wọn á sì gbóná.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ní àǹfààní mìíràn ní Kúbà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá lọ síbẹ̀, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò jẹ́ kí bàtá parun. Ìlù mẹ́ta ni wọ́n ń lù níbẹ̀ títí dòní, Iyá, Itótele àti Okónkolo, orin òrìṣà tí wọ́n ń kọ sí i sì kún fún ọ̀rọ̀ tí ẹ ó dá mọ̀. Ìlù ẹ̀sìn ni, kì í ṣe ara son, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Irakere tí Chucho Valdés dá sílẹ̀ ní 1973 gbé e wọ inú orin ijó, pẹ̀lú gìtá oníná àti fèrè. Bí ẹ bá yan Kúbà, ẹ má ṣe kọjá ibẹ̀ láì dúró.

Ẹ wá wo Kóńgò. Láti àwọn ọdún 1930 ni rẹ́kọ́ọ̀dù Kúbà ti ń wọbẹ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n kọ GV sí lára. Àwọn olórin Léopoldville, tó ti di Kinshasa báyìí, àti ti Brazzaville tó wà lódìkejì odò, gbọ́ ohun tó jọ tiwọn nínú rẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ tres fún gìtá, wọ́n sì fi èdè Lingala kọ ọ́. Joseph Kabasele tí gbogbo èèyàn ń pè ní Grand Kallé ló ni ẹgbẹ́ African Jazz. Franco Luambo wà lára àwọn tó dá OK Jazz sílẹ̀ ní 1956, òun ló sì wà nídìí rẹ̀ títí ó fi kú ní 1989.

Ohun tí Kóńgò fi kún un tó sọ ọ́ di orin tirẹ̀ ni sebene. Àwọn akọrin á kọ́kọ́ kọrin pẹ̀lẹ́, ohùn méjì tàbí mẹ́ta pa pọ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàbí ọ̀rọ̀ ìgboro. Lójijì, wọ́n á dákẹ́, gìtá á gba ojú agbo. Ọ̀kan á máa tún ohùn díẹ̀ ta láìdáwọ́ dúró, èkejì á máa sọ tirẹ̀ sáàárín, ẹ̀kẹta á máa fò lókè àwọn méjèèjì, báàsì á sì gbé gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó ń dún jù nínú wọn. Ẹ gbọ́ sebene kan náà lẹ́ẹ̀mẹta: ní àkọ́kọ́, gìtá òkè nìkan ni kí ẹ tẹ̀ lé; ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ti àárín; ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, báàsì. Mi ò mọ orin mìíràn tó ń kọ́ etí ní bí a ṣe ń ya ohun èlò sọ́tọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ pé inú ìdùnnú lẹ ó ti kọ́ ọ.

UNESCO fi rumba Kúbà sínú àkójọ ohun ìní àṣà àgbáyé ní 2016, ti Kóńgò tẹ̀ lé e ní 2021, orílẹ̀-èdè Kóńgò méjèèjì ló jọ béèrè fún un. Bí ẹ bá fẹ́ràn lílé àti gbígbè, ẹ mú Kúbà. Ọ̀pọ̀ ló ń gba ẹnu ọ̀nà Buena Vista Social Club wọlé, àwo tí àwọn àgbà olórin ṣe ní Havana ní 1996, tó sì jáde ní 1997. Ó dáa, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tutù ju bí son ṣe rí nígbà tó ń gbóná lọ. Ẹ tètè padà sẹ́yìn sọ́dọ̀ Arsenio Rodríguez ti àwọn ọdún 1940, ẹni tó fi pìánò, kọ́ńgà àti fèrè sí i. Bó bá jẹ́ gìtá ló ń wọ̀ yín lára, Kóńgò ni. Fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ìkankan rí, Kóńgò ni màá kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ní sùúrù: Íńdíà ti àríwá àbí ti gúúsù

Orin ìbílẹ̀ Íńdíà pín sí ọ̀nà ńlá méjì: Hindustani ní àríwá, Carnatic ní gúúsù. Raga àti tala ló so wọ́n pọ̀. Raga kì í ṣe orin kan pàtó. Ó jẹ́ ìlànà bí a ṣe ń rìn láàárín àwọn ohùn kan: èyí tí a ń gbà gòkè, èyí tí a ń gbà sọ̀kalẹ̀, èyí tí a gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí rẹ̀. Tala ni kíkà tó ń yípo. Lábẹ́ méjèèjì ni tanpura wà, ohun èlò olókùn tí kì í kọ orin kankan, tó kàn ń dún ohùn ìpìlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tanpura ni kí ẹ kọ́kọ́ wá létí. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ ó máa gbọ́ bí ohùn olórin ṣe ń jìnnà sí i, tó sì ń padà bá a.

Ní àríwá, olórin máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alap. Kò sí ìlù níbẹ̀. Ó ń fi raga hàn yín díẹ̀díẹ̀, ohùn kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì lè gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí tabla, ìlù àríwá, bá wọlé ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni tintal, kíkà mẹ́rìndínlógún. Olórin lè ṣàkó lọ bó bá ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ní kíkà àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní sam, òun àti onílù gbọ́dọ̀ pàdé. Ìpàdé yẹn ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń dúró dè, wọ́n á sì hó bó bá bọ́ sójú ẹ̀. Àríwá tún ya àkókò sọ́tọ̀ fún raga: Bhairav fún òwúrọ̀, Yaman fún ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí Ravi Shankar àti Ali Akbar Khan bọ́ sórí ìtàgé ní Madison Square Garden, New York, ní 1971, níbi ayẹyẹ orin fún àwọn ará Bangladesh, èrò pàtẹ́wọ́ gan-an nígbà tí wọ́n wulẹ̀ ń tún okùn wọn ṣe. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ orin rárá. Mo sọ èyí kí ẹ má bàa bẹ̀rù: ẹni tí kò mọ ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀ lónìí lè mọ̀ ọ́n lọ́la, bó bá fara balẹ̀.

Ní gúúsù, orin tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, kriti, ló gba iwájú. Tyagaraja (1767–1847) ni wọ́n ń kọ tirẹ̀ jù, èdè Telugu ló sì fi ṣe é. Olórin á kọ kriti bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, á sì wá máa hùmọ̀ tirẹ̀ lé e lórí. Mridangam, ìlù olójú méjì, ló ń bá a rìn. Violin tó ti Yúróòpù wá ti di ọmọ ilé pátápátá níbẹ̀. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó ta á, wọ́n á gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ìdí rẹ̀ á sì wà láyà. Ẹ wo ọwọ́ àwọn tó ń gbọ́ orin bí ẹ bá rí fídíò. Adi tala jẹ́ kíkà mẹ́jọ: wọ́n á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi ìka ọmọńdinrín, ìka tó tẹ̀ lé e àti ìka àárín ka mẹ́ta, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á yí ọwọ́ padà, wọ́n á tún pàtẹ́wọ́, wọ́n á tún yí i padà. Ẹ ṣe é pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọwọ́ yín á mọ ibi tí orin dé kí ẹ tó rò ó.

Torí ọwọ́ yẹn ni mo ṣe máa ń sọ pé kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mú gúúsù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àríwá ló gbajúmọ̀ jù lókè òkun. Orin gúúsù ní ibi tí ẹ lè dì mú láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹ wá ohùn M. S. Subbulakshmi, olórin àkọ́kọ́ tí Íńdíà fi oyè Bharat Ratna dá lọ́lá, ní 1998. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní wákàtí kan tó pa rọ́rọ́, tí ẹ lè pa fóònù, àríwá ní ohun tí gúúsù kò ní.

Bó bá jẹ́ ohùn èèyàn kan ni ẹ ń wá: Umm Kulthum àbí Nusrat Fateh Ali Khan

Ewì ni àwọn méjèèjì ń kọ, wọ́n ń tún un kọ, wọ́n sì ń jẹ́ kí èrò darí wọn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ibẹ̀ ni kò jọra.

Umm Kulthum ti Íjíbítì máa ń kọrin lórí rédíò Cairo ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá á sì dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Orin kan lè gba wákàtí kan. Kì í ṣe pé orin náà gùn lórí ìwé. Ìlà kan ṣoṣo ló lè kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó má sì jọra lẹ́ẹ̀kan. Bí èrò bá ti pariwo pé kó tún un ṣe, á tún un ṣe, á yí ibì kan padà, àwọn olóhun èlò á sì máa wò ó kí wọ́n lè mọ ibi tó ń lọ. Ẹ ó gbọ́ àwọn ohùn kan tí pìánò kò ní, tó bọ́ sáàárín ohùn méjì tí pìánò ní. Etí tó ti mọ́ pìánò lára lè kọ́kọ́ rò pé ó ṣì í. Kò ṣì í. Ohùn yẹn ni ẹran ara orin Lárúbáwá.

Nusrat (1948–1997) ti Pakísítánì kì í dá nìkan wà. Qawwali, orin ẹ̀sìn àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Sufi, orin ẹgbẹ́ ni: harmonium (dùùrù kékeré) méjì, tabla, àti àwọn ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ tí wọ́n sì ń gbè. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, á máa yára sí i, ohùn Nusrat á sì máa gòkè títí ẹ ó fi rò pé kò síbi tó kù. Ibẹ̀ náà ni yóò ti tún gòkè sí i. Ayẹyẹ WOMAD ti 1985 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣí i payá fún àwọn ará Yúróòpù tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ rárá, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Nusrat ló yá láti fẹ́ràn. Umm Kulthum ló pẹ́ jù lọ́kàn. Bó bá jẹ́ alẹ́ kan péré ni ẹ ní, ẹ mú Nusrat. Bó bá jẹ́ ọdún kan, ẹ mú Umm Kulthum, kí ẹ sì wá ìgbàsílẹ̀ tí ariwo èrò wà nínú rẹ̀, torí láìsí èrò, ìdajì orin náà ti lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ohùn tí ẹ kò gbọ́ irú rẹ̀ rí: gamelan ti Java àbí ti Bali

Gamelan ni àkójọpọ̀ agogo àti ohun èlò idẹ tí wọ́n ń fi òòlù lù ní Indonéṣíà. Kò sí gamelan méjì tí ohùn wọn bára mu pátápátá; èyí tí wọ́n bá ṣe pa pọ̀ ni wọ́n jọ ń dún. Debussy, olórin ará Faransé, gbọ́ ti Java níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Paris ní 1889, kò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Ti Java, ní pàtàkì ti ààfin Yogyakarta àti Surakarta, ń rìn pẹ̀lẹ́. Àwọn ohun èlò ńlá ń sọ̀rọ̀ díẹ̀, àwọn kéékèèké ń sọ púpọ̀, agogo ńlá tó jinlẹ̀ sì ń parí ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró de agogo yẹn. Ti Bali ń bú gbàù. Bí èèyàn méjì bá wà nídìí orin kan, ohùn èkíní ló ń dí àlàfo ohùn èkejì, wọ́n á sì yára débi pé ọwọ́ ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Wọ́n tún mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe ohun èlò méjì-méjì kí ohùn wọn yàtọ̀ síra díẹ̀, kí idẹ náà lè máa gbọ̀n rìrì létí. Bali á mú yín lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ń kàwé tàbí ṣiṣẹ́, Java ni. Kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí èyí: ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó mọ èyí tó jẹ́ tiyín.

Àwọn mìíràn, ní ṣókí

Kora àbí gìtá aṣálẹ̀, Málì ni méjèèjì. Kora ní okùn mọ́kànlélógún lórí ààbọ̀ igbá tí wọ́n fi awọ bò, àtàǹpàkò méjì àti ìka ìlábẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń ta á. Àwọn ìdílé tí iṣẹ́ wọn jọ ti arọ́kin ló ni ín. Toumani Diabaté ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Gìtá aṣálẹ̀, bíi ti ẹgbẹ́ Tinariwen, orin àwọn Tuareg, ẹ̀yà kan ní Sàhárà, tó wà nígbèkùn ni, kásẹ́ẹ̀tì ló sì gbé e kiri aṣálẹ̀ náà. Bí yíyàn bá ṣòro, Toumani àti Ali Farka Touré onígìtá jọ ṣe àwo kan tó jáde ní 2005; kora àti gìtá nìkan ló gba iwájú níbẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ bí ọ̀kan ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún èkejì.

Flamenco àbí fado: flamenco ti Sípéènì bí ẹ bá fẹ́ kíkà méjìlá tó le, àtẹ́wọ́ àti ohùn tó ń ya, fado ti Pọ́túgàl bí ẹ bá fẹ́ ìbànújẹ́ tó fara balẹ̀, Amália Rodrigues ni olórí wọn.

Ohùn láìsí ohun èlò: Jọ́jíà tó wà lẹ́bàá Òkun Dúdú, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń kọ ohùn mẹ́ta tó yàtọ̀ pa pọ̀, àbí Bùlùgáríà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń la ọ̀fun kọ ohùn méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Orin orílẹ̀-èdè méjèèjì wà nínú àwo wúrà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní 1977 pẹ̀lú Voyager, ọkọ̀ tí wọ́n rán lọ sí gbalasa òfuurufú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fèrè aláwọ wà pẹ̀lú ti Bùlùgáríà tó wà níbẹ̀. Jọ́jíà ni mo fọwọ́ sí.

Ìgbàsílẹ̀ wo ni kí ẹ mú?

Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo àti èyí tí wọ́n ṣe ní sítúdíò kì í ṣe ohun kan náà. Ti ojú agbo ní ariwo ọmọdé, ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó àti ohùn ẹni tó ń pe olórin lórúkọ. Ti sítúdíò mọ́ gaara, ẹ sì lè tẹ̀ lé ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Fún gìtá Kóńgò àti kora, ẹ mú sítúdíò. Fún qawwali, Umm Kulthum àti rumba Kúbà, ojú agbo ni, torí àwọn tó wà níbẹ̀ wà lára orin.

Fún ti ìbílẹ̀, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Smithsonian Folkways ni màá kọ́kọ́ tọ́ka sí. Moses Asch dá Folkways sílẹ̀ ní New York ní 1948, àjọ Smithsonian ti Amẹ́ríkà sì gbà á ní 1987 lórí àdéhùn pé kò ní jẹ́ kí àwo kankan tán nílẹ̀. Ìwé pélébé tó ń tẹ̀ lé àwo kọ̀ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń sọ ẹni tó kọrin, ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ orin. Ẹ gbọ́ àwo náà tán lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó ka ìwé yẹn, kí ẹ sì tún un gbọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá kà á.